Ṣúgà Inú Àpò Ìwé: Ìpápánu Ọmọ Tí Ó Ní Àtọ̀gbẹ

Ní òru ọjọ́ kan, ìyá kan tí mo mọ̀ dáadáa dìde láti lọ mu omi. Nígbà tí ó dé ilé ìdáná, ó bá ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 8, nínú òkùnkùn. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sí ẹ̀bá kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń fi ọwọ́ bu ṣúgà sẹ́nu. Inú bí ìyá. Ó já ike ṣúgà gbà, ó sì gbá ọmọ náà létí. Ọmọ náà kò sunkún, kò sì sá. Òógùn ti bò ó, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Ó ti di oṣù márùn-ún nígbà náà tí dókítà ti sọ pé ọmọ yìí ní àtọ̀gbẹ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ ti kó ohun dídùn gbogbo pamọ́, tí ó sì ti kìlọ̀ fún tajá tẹran pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣúgà kan ọmọ náà lẹ́nu. Ìkìlọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí ọmọ náà lè jí ìyá rẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, ara rẹ̀ sì ti sọ fún un. Ó wá ń fi ẹsẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wá ohun tí yóò gba ẹ̀mí rẹ̀ là, bí ẹni tí ó ń jalè.

Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí ni ó lè ṣe ohun tí ìyá yẹn ṣe, nítorí ohun tí gbogbo wa mọ̀ nípa àtọ̀gbẹ kò ju pé kí a sá fún ṣúgà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí ọmọ alátọ̀gbẹ bá wà, ilé tí ṣúgà gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó lọ́sàn-án àti lóru ni. Bí ohun méjèèjì yìí ṣe bára mu ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àwọn baba wa tí wọ́n fún àrùn yìí lórúkọ mọ ohun tí wọ́n ń wí: ẹni tí ó ń tọ̀ títí ara rẹ̀ fi ń gbẹ. Wọ́n tilẹ̀ ṣàkíyèsí pé èèrà a máa ṣù bo ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tọ̀ sí. Ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọdé yàtọ̀ sí ti àwọn àgbàlagbà tí a mọ̀ ládùúgbò. Ẹran kékeré kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pancreas. Òun ni ó ń pèsè ohun kan tí a ń pè ní ínsúlìn. Bí a bá jẹun tán, ẹ̀jẹ̀ ni ọjà tí ṣúgà inú oúnjẹ ń kó sí, ínsúlìn sì ni alárù tí ń rù ú lọ sí gbogbo ẹ̀yà ara. Nínú ara ọmọ yìí, àwọn ọmọ ogun tí ó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà ni wọ́n ṣìnà, tí wọ́n pa ibi tí ínsúlìn ti ń wá run. Ọjà kún fọ́fọ́, ebi sì ń pa ilé. Ìdí nìyí tí ọmọ náà fi ń jẹun tí ó sì ń rù, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ kò dáwọ́ dúró, tí ọmọ tí ó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Ẹ má ṣe na irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

Kì í ṣe súwíìtì tí ẹ rà fún un ni ó fà á. Kì í ṣe àrùn tí ń ràn. Kì í ṣe ohun tí ìyá jẹ nígbà tí ó lóyún. Mo mọ̀ pé àwọn ará ilé ọkọ mìíràn a máa wo ojú ìyàwó bí irú àìsàn báyìí bá dé, nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ gbangba, kí ẹni tí ó bá ní etí ó gbọ́.

Títí di ọdún 1921, kò sí ohun tí dókítà kan lè ṣe fún ọmọ báyìí ju kí ó fi ebi pa á. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ní Amẹ́ríkà, dókítà Frederick Allen ni ó gbajúmọ̀ jù nídìí ìtọ́jú ebi yìí: oúnjẹ tí kò tó nǹkan lójúmọ́, kí ikú lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé. Elizabeth Hughes, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ìjọba Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àrùn náà mú un ní 1919. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹjọ ọdún 1922, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sún mọ́ 15, nǹkan bí kílò 20 péré ni ó wọ̀n. Ọdún 1921 ni Frederick Banting àti Charles Best bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ínsúlìn ní Toronto, ní Kánádà. Ní oṣù kìíní ọdún 1922 sì ni wọ́n kọ́kọ́ gún un fún ọmọdékùnrin kan, Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14. Elizabeth náà dé ọ̀dọ̀ Banting. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì ní kí ó máa jẹun. Ó dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ mẹ́ta, ó sì kú ní ọdún 1981 ní ẹni ọdún 73.

Mo mú ìtàn yìí wá nítorí pé àwọn ìyá kan wà lónìí tí wọ́n tún ti padà sí ìtọ́jú ebi láìmọ̀. Wọ́n gbọ́ pé alátọ̀gbẹ kì í jẹ gààrí, kì í jẹ ìrẹsì, kì í jẹ iṣu. Ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú nìkan ni wọ́n wá ń gbé fún ọmọ láàárọ̀ lálẹ́. Ọmọ tí ń dàgbà kò lè fi ìyẹn nìkan dàgbà. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni láti bá oúnjẹ mu. Kì í ṣe pé kí oúnjẹ pòórá nítorí abẹ́rẹ́. Ìyẹ̀fun wíìtì tí àwọn ènìyàn ń sáré rà pẹ̀lú owó gegere náà ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èlùbọ́ ṣe ń ṣe. Oyin pẹ̀lú, ṣúgà ni.

Kí ni ọmọ náà yóò máa fi panu?

Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà léèrè irú ínsúlìn tí ọmọ yín ń gbà. Èyí ṣe pàtàkì ju orúkọ ìpápánu lọ. Ínsúlìn kan wà tí ó rí bí omi tí a da mílíìkì díẹ̀ sí. A máa ń gún un lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́, agbára rẹ̀ sì máa ń pọ̀ sí i ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí a bá gún un. Ọmọ tí ó bá ń gba irú èyí gbọ́dọ̀ panu láàárín oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán, àti kí ó tó sùn, yálà ebi ń pa á tàbí kò pa á. Bí kò bá jẹ ẹ́, abẹ́rẹ́ àárọ̀ yóò fa ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ ní kíláàsì. Àwọn mìíràn ń gún ínsúlìn kan tí ń ṣiṣẹ́ pẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, tí wọ́n sì ń gún èyí tí ń yára ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹun. Ní ti àwọn yìí, kò di dandan kí wọ́n máa panu.

Inú mi dùn láti sọ fún yín pé ìpápánu ilẹ̀ wa kò burú rárá. Ẹ wo bí àwọn ìyá wa ti máa ń so wọ́n pọ̀: bọ̀ọ̀lì pẹ̀lú ẹ̀pà, àgbàdo sísè pẹ̀lú àgbọn, ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín. Adùn ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ju ìyẹn lọ. Ọ̀rá inú ẹ̀pà àti àgbọn, àti agbára inú ẹ̀wà, a máa dá oúnjẹ dúró díẹ̀ nínú ikùn, tí ṣúgà kì í fi í sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bísíkíìtì àti pọ́fpọ́ọ̀fù kò ní irú alábàárìn bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, fún àpò ilé ìwé, mọ́ínmọ́ín kékeré kan dára; àkàrà méjì pẹ̀lú búrẹ́dì tín-ínrín kan dára; ààbọ̀ àgbàdo sísè pẹ̀lú àgbọn díẹ̀ dára. Ọ̀sàn kan tí kò tóbi tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kékeré kan ní nǹkan bí gíráàmù 15 ohun tí yóò di ṣúgà nínú. Kí ọmọ jẹ ọ̀sàn náà pẹ̀lú awẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fún omi rẹ̀ sínú ife, èèyàn lè mu ọ̀sàn mẹ́ta láìmọ̀. Bọ̀ọ̀lì tí ó ti pọ́n dẹ̀dẹ̀ dùn ju èyí tí kò pọ́n lọ, ó sì ń yára gbé ṣúgà sókè jù ú lọ. Ọ̀gì tí a ti sẹ́ gbogbo èérí rẹ̀ kúrò a máa sáré bí omi. Bí ẹ óò bá fún un, kí ó kéré, kí àkàrà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí ebi bá ń pa ọmọ nígbà tí kò tíì tó àkókò oúnjẹ, tí ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà sì fi hàn pé ṣúgà rẹ̀ ti ga díẹ̀, ẹyin sísè, wàrà, ẹran sísun, kùkúmbà tàbí ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan ni kí ẹ fún un. Àwọn yìí kì í gbé ṣúgà sókè púpọ̀. Ẹ ṣọ́ra láti fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní ẹ̀pà odidi, kí ó má bàa há a lọ́nà ọ̀fun.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ́ràn-anyàn: ìwọ̀n. Ẹ yan àgolo kan tàbí ife kan nílé yín, kí ẹ máa fi òun nìkan wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà ọmọ náà. Bí ìwọ̀n oúnjẹ bá ń yí padà lójoojúmọ́, tí ìwọ̀n abẹ́rẹ́ kò yí padà, àárín àwọn méjèèjì ni ọmọ yóò ti máa jìyà.

Bí ọmọ yóò bá sáré tàbí gbá bọ́ọ̀lù, kí ó panu díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí eré náà ń jó ṣúgà bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ṣe. Ọmọ tí ó fi gbogbo ọ̀sán ṣeré ìdíje ní pápá ilé ìwé lè dára lójú títí di alẹ́, kí ṣúgà rẹ̀ wá já wálẹ̀ ní òru. Ẹ wọn ṣúgà rẹ̀ kí ó tó sùn ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ gé kúrò nínú ìwé yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìdáná.

Ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ yóò máa làágùn, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ebi yóò pa á lójijì. Òmíràn yóò máa bínú láìnídìí, òmíràn yóò máa sọ ìsọkúsọ, òmíràn yóò kàn sùn lórí tábìlì kíláàsì, olùkọ́ yóò sì pè é ní ọ̀lẹ. Bí ẹ̀rọ yín bá ń fi miligíráàmù kà, ohun tí ó bá ti kéré sí 70 ti lọ sílẹ̀. Bí ó bá ń fi mílímólù kà, ohun tí ó bá kéré sí 3.9 ni. Bí ẹ̀rọ kò bá sí nítòsí, ẹ má ṣe dúró wá a. Ẹ fún un ní ṣúgà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ po ṣúgà mọ́ omi díẹ̀ fún un mu. Ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì ni ẹ óò fi wọ̀n ọ́n: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ṣíbí kan ààbọ̀, ọmọ ọdún 5 sí 10, ṣíbí méjì ààbọ̀, ẹni tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́ta sí mẹ́rin. Dókítà yín lè yí èyí padà ní ìbámu pẹ̀lú bí ọmọ náà ti wọ̀n tó. Fún ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀, ìdajì ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò lè ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ wo ara ìgò dáadáa: irú èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò ní ṣúgà kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ní àkókò yìí, ẹ̀pà, ṣokoléètì àti mílíìkì kò wúlò. Ọ̀rá inú wọn yóò dá ṣúgà dúró nígbà tí a ń fẹ́ kí ó sáré. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wọn ṣúgà rẹ̀. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún fún un. Nígbà tí ó bá gòkè, tí oúnjẹ sì ṣì jìnnà, ẹ fún un ní búrẹ́dì tàbí ẹ̀kọ díẹ̀ kí ṣúgà náà lè dúró.

Bí ọmọ bá ti dákú, tàbí tí gìrì mú un, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ dẹ aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín jù. Bí dókítà bá ti fún yín ní abẹ́rẹ́ glucagon pamọ́, àkókò tí ẹ óò gún un nìyí. Mo bẹ̀ yín, àgbo ìtọ̀ màlúù tí àwọn àgbà kan ṣì ń rọ fún ọmọ tí gìrì bá mú, ẹ jìnnà sí i. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àgbo yìí láàárín ọdún 1970 sí 1985, wọ́n sì rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ọmọ tí ìdààmú rẹ̀ jẹ́ pé ṣúgà rẹ̀ ti wálẹ̀ ni a wá ń fún ní ohun tí yóò tún fà á wálẹ̀ sí i!

Àwọn ará ilé

Ìyá tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní ọmọkùnrin kan pẹ̀lú, ọmọ ọdún 6. Nígbà tí ó kó ohun dídùn pamọ́, yàrá ni ó ń mú èyí àbúrò wọ̀ láti fún un ní bísíkíìtì rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n má bàa rí i. Ṣé ọmọ kì í gbọ́ ìró bébà ni? Ọmọ tí ó ní àtọ̀gbẹ mọ̀ pé wọ́n ń jẹun lẹ́yìn òun. Ohun tí mo gbà wọ́n nímọ̀ràn, tí mo sì gba ẹ̀yin náà nímọ̀ràn, ni pé kí ohun tí a kò fẹ́ kí ọmọ kan jẹ lójoojúmọ́ má ṣe wọ ilé náà lójoojúmọ́. Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀pà àti àgbàdo kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi, àti bàbá àti ọmọ. Bí ọjọ́ ìbí tàbí ìsọmọlórúkọ bá dé, kí ọmọ náà jẹ ìrẹsì àti kéèkì díẹ̀ níṣojú gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì bá dókítà sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ lórí bí ẹ óò ṣe gún abẹ́rẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn màmá àgbà ni ó ṣòro jù. Ìfẹ́ wọn ń bẹ nínú ohun dídùn tí wọ́n dì mọ́ igun ìró. Ẹ má ṣe bá wọn jà. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́: kí màmá máa jókòó ti ọmọ nígbà abẹ́rẹ́, kí ó máa ka ọjọ́ ìwà rẹ̀ fún un, kí ó sì jẹ́ pé òun ni yóò máa se mọ́ínmọ́ín ilé ìwé rẹ̀. Àgbà tí a fi ṣe alábòójútó kì í sábà jẹ́ kí ohun tí ó ń bójú tó bàjẹ́.

Ní ti bàbá ọmọ, kí ó kọ́ abẹ́rẹ́ gígún. Mi ò sọ pé kí ó máa béèrè bóyá ẹ ti gún un o. Kí òun náà máa gún un. Ìyá nìkan kò lè máa jí ní òru ọjọ́ gbogbo.

Ẹ óò gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀. Ẹnì kan yóò mú àgbo wá, ẹnì kan yóò ní kí ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí ẹ fi ìgbàgbọ́ dúró. Ẹ gba àdúrà, ẹ má fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Bí ínsúlìn bá dá, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bì, inú yóò máa run ún, yóò máa mí gúlegúle, èémí rẹ̀ yóò máa rùn bí èso tí ó ti pọ́n jù. Ikú ti súnmọ́ itòsí nìyẹn. Bí ọmọ bá tilẹ̀ ń ṣàìsàn tí kò jẹun dáadáa, kí ẹ pe dókítà kí ẹ tó dín abẹ́rẹ́ kù. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Ní àkókò ààwẹ̀, ti mùsùlùmí tàbí ti onígbàgbọ́, ọmọ yìí kò sí lára àwọn tí yóò gbà á.

Iná mànàmáná wa kò ṣeé fọkàn tán, ẹ mọ̀. Ínsúlìn tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì, kí ó má ṣe kan yìnyín. Èyí tí ó bá ti dì, ẹ dà á nù. Èyí tí a ti ń lò, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn lè wà níta fún nǹkan bí ọjọ́ 28 bí ooru kò bá ju ìwọ̀n 30 lọ. Bí kò bá sí fíríìjì, ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ fi iyanrìn tí ẹ rin sí àárín wọn, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, ẹ di ínsúlìn sínú ọ̀rá kí omi má kàn án, kí ẹ sì gbé e sí ibi òjìji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ó ń tutù dáadáa nígbà ọyẹ́. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù rinrin, kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ lọ rí olùkọ́ ọmọ náà kí ilé ìwé tó wọlé. Ẹ mú ike kékeré kan lọ́wọ́, tí ṣúgà wà nínú rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ọmọ àti iye ṣíbí sí ara rẹ̀. Ẹ mú irú rẹ̀ kan náà sínú àpò ìwé ọmọ, kí ẹ sì sọ fún un pé tirẹ̀ ni, pé kò nílò láti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó ṣí i.

Ní ilé ìyá yẹn lónìí, ike ṣúgà kan wà lórí àga kékeré ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ, pẹ̀lú ṣíbí kan àti ife omi. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn, àbúrò ni ó fi hàn mí. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá ń gbọ̀n lóru, òun ni yóò po ó. Mo bi í pé ṣíbí mélòó. Ó na ìka méjì sókè, lẹ́yìn náà ó ká ẹ̀kẹta dé ààbọ̀.